Níbi Tí Márùn-ún Bá Péjọ: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Nọ́ńbà Márùn-ún Nínú Ẹ̀sìn Síìkì

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà márùn-ún nínú ẹ̀sìn Síìkì, ẹ̀sìn àwọn ará Punjab tí ẹ̀yin tó ń gbé London máa ń rí ní Southall àti Woolwich, tí wọ́n ń wé láwàní, tí ẹ̀gbà irin sì wà lọ́rùn ọwọ́ wọn. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí: kí n to wọ́n sílẹ̀, àmì márùn-ún, olè márùn-ún, ìtẹ́ márùn-ún, odò márùn-ún, kí oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Mi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Àtòjọ kò ṣòroó rí, àmọ́ kì í sọ ìdí. Ohun tí mo bá wá ni pé márùn-ún kì í ṣe nọ́ńbà oríire lọ́wọ́ àwọn Síìkì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe awo kan tí à ń tú. Ìgbìmọ̀ ni. Òun ni iye èèyàn tó kéré jù tí ohùn wọn lè di ohùn Gúrù, ìyẹn olùkọ́ tó ń darí ẹ̀sìn náà.

Bhai Gurdas ló sọ ọ́ ṣókí jù. Òun ni akọ̀wé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé mímọ́ àwọn Síìkì sílẹ̀ nígbà tí Gúrù Arjan, Gúrù karùn-ún, ń kó o jọ ní Amritsar, tí iṣẹ́ náà sì parí ní 1604. Nínú ewì tirẹ̀, Bhai Gurdas ní ẹnì kan, Síìkì ni. Ẹni méjì, àwùjọ mímọ́ ni. Níbi tí márùn-ún bá sì wà, Ọlọ́run wà níbẹ̀. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti rántí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó kó ara wọn jọ. Ó jọ ọ́, àmọ́ ibi tí wọ́n gbé e dé yàtọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Síìkì, àwọn márùn-ún náà lè pàṣẹ. Wọ́n lè gba èèyàn wọlé, wọ́n lè bá a wí, wọ́n tiẹ̀ ti pàṣẹ fún Gúrù fúnra rẹ̀ rí. Màá débẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ márùn-ún, tí kì í ṣe mẹ́ta tàbí méje? Kí ẹ̀sìn Síìkì tó wáyé rárá ni àwọn abúlé Íńdíà ti ń fi ìgbìmọ̀ àgbà márùn-ún parí ẹjọ́. Panchayat ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn sì ni ìjọba ìbílẹ̀ ní ìgbèríko Íńdíà ṣì ń jẹ́ títí di òní. Ẹjọ́ ààlà oko, ẹjọ́ gbèsè, ẹjọ́ tọkọtaya, iwájú wọn ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹni tó bá mọ ipò tí Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà sí Aláàfin kò ní í bi mí pé báwo ni iye àwọn ìgbìmọ̀ ṣe ń di ohun tí ará ìlú ń bọ̀wọ̀ fún.

Gúrù Nanak, Gúrù àkọ́kọ́, tí wọ́n bí ní 1469 ní Talwandi, ìlú tó ń jẹ́ Nankana Sahib ní Pakistan lónìí, mú ọ̀rọ̀ abúlé yìí wọ inú Japji, àdúrà tí Síìkì ń kà ní ìdájí. Ní ẹsẹ kẹrìndínlógún ó ní àwọn márùn-ún ni a tẹ́wọ́ gbà, àwọn márùn-ún ni olórí, àwọn ló ń gba iyì ní ààfin Ọlọ́run, àwọn ló ń yẹ ẹnu ọ̀nà àwọn ọba. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé Gúrù àwọn márùn-ún náà, ọ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọkàn wọn wà. Àwọn alálàyé ti pẹ́ lórí ẹsẹ yìí. Púpọ̀ nínú wọn ní àwọn ẹni mímọ́ tí Ọlọ́run yàn ló ń bá wí. Èmi fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ ní abúlé Punjab nígbà náà lọ́hùn-ún kò lè ṣàì rí àwọn àgbà rẹ̀ tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé Nanak kò jẹ́ kí márùn-ún dá dúró. Nọ́ńbà tí ìwé mímọ́ Síìkì fi bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ení: wọ́n fi òǹkà ọ̀kan kọ ọ́ ní ojú ewé àkọ́kọ́, láti sọ pé Ọlọ́run kan ló wà. Gbogbo márùn-ún tó wà lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́ ọ̀kan yẹn ló wà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí márùn-ún fi bá ọ̀rọ̀ àṣẹ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí Gúrù kan bá fẹ́ fi ipò lé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́, ìtàn ní owó bàbà márùn-ún àti àgbọn kan ló máa ń gbé síwájú onítọ̀hún, á sì tẹrí ba fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní Nanak ṣe fún Angad. Owó bàbà ni o, kì í ṣe wúrà. Ní 1664, Gúrù Har Krishan, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ń kú lọ nítorí ìgbóná ní Delhi. Wọ́n bi í pé ta ni yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé owó márùn-ún àti àgbọn wá, ó sì sọ kìkì pé ẹni náà wà ní abúlé Bakala. Ẹ lè rò ó wò: kò pẹ́ tí Bakala fi kún fún àwọn tó ní àwọn ni Gúrù, tí kálukú tẹ́ àga tirẹ̀. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Makhan Shah, tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ rì lójú òkun rí, ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta owó wúrà fún Gúrù. Nígbà tó dé Bakala tí orí rẹ̀ dàrú, ó ń fi wúrà méjì méjì síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo wọn gbà á, wọ́n súre. Tegh Bahadur nìkan, tó fara pamọ́ sílé tirẹ̀, ló bi í pé, èyí tó kù ńkọ́? Bí wọ́n ṣe mọ Gúrù kẹsàn-án nìyẹn.

Tegh Bahadur yìí ni Aurangzeb, ọba àwọn Mughal, ìdílé Mùsùlùmí tó ń jọba ní Íńdíà nígbà náà, ní kí wọ́n bẹ́ lórí ní Delhi ní 1675. Ọmọ rẹ̀, Gobind Rai, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà náà. Ìṣòro méjì ló bá nílẹ̀. Ọba ń lépa àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn masand, ìyẹn àwọn aṣojú tí àwọn Gúrù ìṣáájú yàn láti máa gba ọrẹ ní ìgbèríko, sì ti di olówó tó ń tẹ ará ìlú mọ́lẹ̀, tí àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ ń sọ ara wọn di Gúrù kékeré. Mo fẹ́ kí ẹ ní ìṣòro kejì yìí lọ́kàn, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn 1699 sábà máa ń fò ó. Wọ́n á ní nítorí ogun ni. Ogun wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ta ni yóò máa sọ̀rọ̀ lórúkọ Gúrù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìdáhùn rẹ̀ ló sì di márùn-ún.

Ọjọ́ ọdún Vaisakhi ni, ọdún ìkórè, ní Anandpur lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Himalaya, ọdún 1699. Gúrù ti ránṣẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Èrò pé. Ó jáde sí wọn tòun ti idà tó ti fà yọ, ó ní òun fẹ́ orí kan. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un sọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkùnrin kan dìde, Gúrù sì mú un wọ inú àgọ́ kan lọ. Ó padà jáde lóun nìkan, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára idà rẹ̀, ó ní òun fẹ́ orí mìíràn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Àwọn kan sáré lọ bá ìyá rẹ̀ pé orí ọmọ rẹ̀ ti yí. Bó ṣe ṣe é nìyẹn títí tí márùn-ún fi wọlé, lẹ́yìn náà ló mú gbogbo wọn jáde láàyè, nínú aṣọ tuntun. Àwọn kan ní ewúrẹ́ ló ń pa nínú àgọ́. Àwọn Síìkì mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ sétí. Èmi ò rí ohun tí ewúrẹ́ náà fi kún un tàbí tó yọ kúrò nínú rẹ̀: ẹni tó dìde kò mọ̀ pé ewúrẹ́ wà níbẹ̀.

Ta ni àwọn márùn-ún náà? Daya Ram wá láti Lahore, ọmọ ìran Khatri tó ń ṣòwò. Dharam Das wá láti Hastinapur lẹ́gbẹ̀ẹ́ Delhi, Jat ni, àgbẹ̀. Himmat wá láti Puri ní etí òkun ìlà-oòrùn, apọnmi. Mohkam Chand wá láti Dwarka ní òpin ìwọ̀-oòrùn, alárò tó ń tẹ àwòrán sí aṣọ. Sahib Chand wá láti Bidar ní gúúsù, onígbàjámọ̀. Bí ẹ bá ní àwòrán ilẹ̀ Íńdíà níwájú yín, ẹ fi ìka kan wọn, ẹ ó rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yí orílẹ̀-èdè náà po. Ní Íńdíà ayé ọjọ́un, Khatri kì í bá onígbàjámọ̀ jẹun nínú abọ́ kan náà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n mu nínú abọ́ kan.

Gúrù bu omi sínú abọ́ irin, ó ń fi idà olójú méjì rò ó, ó ń ka àdúrà sí i. Ìyàwó rẹ̀ da súgà gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní patase sínú rẹ̀. Amrit ni wọ́n ń pe omi yìí. Àwọn márùn-ún mu ún, Gúrù sì fún gbogbo wọn ní orúkọ kan náà, Singh. Orúkọ ìdílé, tó ń sọ ìran èèyàn, kúrò nílẹ̀. Wọ́n di Khalsa, ẹgbẹ́ àwọn Síìkì tó ti mu amrit; Panj Piare ni oyè wọn, àwọn Àyànfẹ́ Márùn-ún.

Ibi tí ìtàn náà yí sí lẹ́yìn èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Gúrù kò dúró lórí àga. Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di Singh, ó ní kí wọ́n fún òun náà ní amrit. Gobind Rai ló kúnlẹ̀, Gobind Singh ló dìde. Àwọn akéwì Síìkì ní ìyìn kan fún un títí dòní pé òun fúnra rẹ̀ ni Gúrù, òun fúnra rẹ̀ ni ọmọ ẹ̀yìn. Apọnmi àti onígbàjámọ̀ gba Gúrù wọlé. Wọ́n sì pa àwọn masand tì. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ di Khalsa kò ní í wá aṣojú kankan tó lówó. Yóò wá Singh márùn-ún.

Ṣé eré lásán ni ìkúnlẹ̀ yìí? Ọdún 1704 dá wa lóhùn. (Àwọn òpìtàn mìíràn ní 1705.) Wọ́n ti lé Gúrù kúrò ní Anandpur, ó sá wọ ilé amọ̀ kan bí odi ní Chamkaur pẹ̀lú bí ogójì èèyàn, ọmọ ogun Mughal sì yí wọn ká. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó dàgbà, Ajit Singh àti Jujhar Singh, jáde lọ jà, wọ́n kú. Mẹ́ta nínú àwọn Àyànfẹ́ Márùn-ún kú níbẹ̀ pẹ̀lú: Himmat Singh, Mohkam Singh àti Sahib Singh. Gúrù fúnra rẹ̀ ti múra àtijáde lọ kú. Ìgbà náà ni Singh márùn-ún nínú àwọn tó ṣẹ́ kù péjọ, wọ́n kò bẹ̀ ẹ́, wọ́n pàṣẹ fún un gẹ́gẹ́ bíi Khalsa pé kó fi odi náà sílẹ̀ lóru, nítorí bó bá kú, ìjọ kú. Ó gbọ́ràn. Sangat Singh fi ìyẹ́ orí láwàní Gúrù sí orí tirẹ̀, ó jókòó síbi tí ọ̀tá ti lè rí i, òun ló sì kú dípò rẹ̀. Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ méjì lọ́kàn ni wọ́n pàṣẹ fún yìí o.

Ní 1708, ní Nanded lẹ́bàá odò Godavari, Gobind Singh mọ̀ pé ikú ti dé. Ó fún Banda Singh tó ń lọ bá Mughal jà ní Punjab ní ọfà márùn-ún, ó sì yan Singh márùn-ún tì í kó má baà dá ìpinnu ṣe. Níti ìjọ, ó gbé owó bàbà márùn-ún àti àgbọn síwájú ìwé mímọ́, ó tẹrí ba fún un. Kò sí Gúrù ẹlẹ́ran ara mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìwé ni Gúrù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Guru Granth Sahib, ojú ewé rẹ̀ jẹ́ 1430. Ìwé kò sì lè dá ẹjọ́ tuntun fúnra rẹ̀. Àwọn márùn-ún tó bá jókòó níwájú rẹ̀ ni yóò dá a.

Bẹ́ẹ̀ ni ààtò amrit ṣe rí lónìí, yálà ní Amritsar ni o tàbí ní Birmingham. Márùn-ún yóò jókòó yí abọ́ irin ká. Wọ́n á ka orin márùn-ún sí omi náà: Japji, Jaap, àwọn Savaiye mẹ́wàá, Chaupai àti Anand. Ẹni tó ń wọlé yóò mu àtẹ́lẹwọ́ márùn-ún, wọn yóò wọ́n ọn sí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, sí irun rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Wọ́n á wá sọ òfin fún un. Bó bá rú òfin ńlá lọ́jọ́ iwájú, iwájú márùn-ún ni yóò padà wá láti jẹ́wọ́. Àní nínú oúnjẹ mímọ́ tí wọ́n ń pín lẹ́yìn ìsìn, ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n fi bọ́tà àti súgà rò, ìpín àwọn Àyànfẹ́ Márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí ìwé mímọ́, nítorí márùn-ún kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe àyànfẹ́. Gúrù Amar Das, Gúrù kẹta, ní ojú ewé 600, ní olè márùn-ún ń gbé inú ara yìí: ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́, ìbínú, ojúkòkòrò, ìsomọ́ ohun ayé àti ìgbéraga. Amrit inú ilé ni wọ́n ń jí, onílé kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ igbe rẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Mo fẹ́ràn àkàwé yìí nítorí pé kò pe àwọn márùn-ún náà ní ẹ̀mí òkùnkùn tó ti ìta wá. Olè ni wọ́n, inú ilé ni wọ́n sì ń sùn. Ẹ wo ìkẹrin dáadáa. Kì í ṣe pé kí èèyàn má fẹ́ràn ìyàwó àti ọmọ, Síìkì kò fara mọ́ kí èèyàn sá lọ sínú igbó láti wá Ọlọ́run. Ìfẹ́ tó bá ti di okùn lọ́rùn onílé ni wọ́n ń bá wí.

Wàyí o, bí olè bá jẹ́ márùn-ún, kí ni yóò lé wọn? Ẹsẹ karùn-ún nínú Anand, orin Amar Das kan náà, tí wọ́n ń kọ ní ìgbéyàwó, ní ìsọmọlórúkọ, ní ìparí ìsìn gbogbo, ní nínú ilé olóríire ni ìró márùn-ún ti ń dún. Ìlà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ó ní ìwọ Ọlọ́run ló tẹ àwọn ẹ̀mí èṣù márùn-ún lórí ba. Márùn-ún dojú kọ márùn-ún nínú ẹsẹ kan ṣoṣo. Ìró márùn-ún náà, àwọn olórin Íńdíà mọ̀ ọ́n: ti okùn, ti awọ, ti irin, ti èémí àti ti ìkòkò, ìyẹn gbogbo irú ohun èlò orin tó wà. Tí gbogbo wọn bá dún pọ̀ nínú èèyàn, àyè kò sí fún olè. Bí mo ṣe ń ka ẹsẹ yìí ni mo ń rí Anandpur níwájú mi: ìgbìmọ̀ kan wà nínú ara tó ti bàjẹ́, ìgbìmọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ gba ipò rẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó wà níbí, ti yín wà nínú ìwé náà. Ní ojú ewé 141, Gúrù Nanak bá àwọn Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ lórí ìrun wákàtí márùn-ún. Ó ní orúkọ márùn-ún ló ní: àkọ́kọ́ ni òtítọ́, ìkejì ni jíjẹ halal, ìkẹta ni sàárà lórúkọ Ọlọ́run, ìkẹrin ni àníyàn rere, ìkarùn-ún ni ìyìn Ọlọ́run. Àwọn kan máa ń ka èyí bíi pé ó ń bu ìrun kíkí kù. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Nanak gba nọ́ńbà tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ ara wọn, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fi inú wákàtí náà ṣe. Bó ṣe máa ń ṣe fún Híńdù náà nìyẹn.

Ní ìparí Japji, ó tún tò ilẹ̀ márùn-ún tí ọkàn ń gbà kọjá lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run: ilẹ̀ ojúṣe, ilẹ̀ ìmọ̀, ilẹ̀ ìsapá, ilẹ̀ oore-ọ̀fẹ́, ilẹ̀ òtítọ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, alẹ́ kan kò tó o. Ohun kan ni mo fẹ́ tọ́ka sí, pé ilẹ̀ àkọ́kọ́ kún fún òru, ọ̀sán, afẹ́fẹ́, omi àti iná, ayé tí a wà yìí gan-an, Nanak kò sì fò ó. Odò márùn-ún ńkọ́? Jhelum, Chenab, Ravi, Beas, Sutlej, àwọn ló fún Punjab lórúkọ lédè Páṣíà. Orúkọ ilẹ̀ ni, kì í ṣe ti ẹ̀sìn, ìpín ilẹ̀ ní 1947 sì ti há wọn sí orílẹ̀-èdè méjì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé nítorí odò ni gbogbo márùn-ún Síìkì fi wà, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Àmì márùn-ún ni gbogbo ayé mọ̀, nítorí náà mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ̀: irun tí a kò gé, òòyà onígi, ẹ̀gbà irin, ṣòkòtò péńpé abẹ́ aṣọ, àti kirpan, idà. Àwọn òpìtàn kan ní ó pẹ́ kí àtòjọ náà tó dúró bó ṣe wà yìí, pé àwọn alátùn-únṣe ẹ̀sìn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn Síìkì tó pọ̀ jù ní láti ẹnu Gúrù lọ́dún 1699 ni. Ohun tó dájú ni pé àmì yìí ti gbé wọn dé ilé ẹjọ́ káàkiri. Ní 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba dájọ́ pé Síìkì jẹ́ ẹ̀yà tí òfin dáàbò bò, nítorí ilé ìwé kan tó kọ̀ láti gba ọmọ tó wé láwàní. Ní 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú kirpan lọ sílé ìwé, tí wọ́n bá rán an mọ́ inú aṣọ.

Ìtẹ́ márùn-ún, ìyẹn ojúkò àṣẹ ìjọ Síìkì, ni mo fẹ́ fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Akal Takht ní Amritsar ni olú, Gúrù Hargobind ló dá a sílẹ̀ ní 1606. Àwọn yòókù ni Keshgarh ní Anandpur, Patna níbi tí wọ́n ti bí Gobind Singh, Nanded níbi tó kú sí, àti Damdama ní Talwandi Sabo. Ọdún 1966 ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn ilé ìsìn ní Punjab, SGPC, tó kéde Damdama ní ìtẹ́ karùn-ún; kó tó dìgbà náà, mẹ́rin ni wọ́n ń kà. Àwọn olórí ìtẹ́ márùn-ún yìí ló ń jókòó pọ̀ dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo ìjọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, àwọn olórí náà dárí ji Gurmeet Ram Rahim, olórí ẹgbẹ́ Dera Sacha Sauda, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní 2007 pé ó múra bíi Gúrù Gobind Singh. Ìjọ fárí gá. Àwọn èèyàn ní olóṣèlú ló wà lẹ́yìn ìdáríjì náà. Wọ́n yí i padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àmọ́ ìbínú kò rọ̀. Ìgbà náà ni àwọn márùn-ún mìíràn dìde: àwọn Singh tó ń fún èèyàn ní amrit ní Akal Takht, àwọn Panj Piare ibẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn olórí ìtẹ́ pé kí wọ́n wá ṣàlàyé ara wọn. SGPC ní òṣìṣẹ́ tí àwọn ń san owó oṣù fún ni wọ́n, wọn ò láṣẹ irú ẹ̀, ó sì dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ta ni ohùn Gúrù: márùn-ún tó wà lórí ìtẹ́, tàbí márùn-ún tó wà nídìí abọ́ irin? Ẹni tó bá rántí ọ̀rọ̀ àwọn masand mọ ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ Síìkì tẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ náà kò kú síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, àwọn olórí ìtẹ́ pe Sukhbir Singh Badal, igbákejì olórí ìjọba Punjab tẹ́lẹ̀, sí Akal Takht, ìdáríjì 2015 yẹn sì wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Wọ́n ní kó máa fọ abọ́, kó máa nu bàtà àwọn olùjọsìn, kó sì jókòó bí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà Tẹ́ńpìlì Oníwúrà tòun ti ọ̀kọ̀, pẹ̀lú pátákó lọ́rùn. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló wà tó fi ṣe é. Olóṣèlú tó ti ṣàkóso ìpínlẹ̀ náà fún ọdún pípẹ́ ni o.

Ìbéèrè kan wà tí mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín ti fi pamọ́ sẹ́nu: ṣé obìnrin lè wà nínú àwọn márùn-ún? Ìwé òfin ìwà tí SGPC fọwọ́ sí ní 1945 ní àwọn tó ń fúnni ní amrit lè ní obìnrin nínú. Ó wà lákọsílẹ̀, kò ní àríyànjiyàn. Síbẹ̀ ọkùnrin márùn-ún ni ẹ ó rí lórí ìrìn Vaisakhi ní Amritsar, bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìlú Ọba. Àwọn tó ń tako obìnrin ní ọkùnrin ni àwọn márùn-ún àkọ́kọ́. Àwọn tó fara mọ́ obìnrin ní bó bá jẹ́ pé bí ti àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ rí, onígbàjámọ̀ kan láti Bidar náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ìjọ kan ní Amẹ́ríkà ti ń fi obìnrin sí i. Mo ti sọ tèmi. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ìyá tó nawọ́ lẹ́yìn yẹn.